Ìjà Ìdánrawò

Ọ̀nà méjì ni a fi ń kọ́ ènìyàn ní ìjà. Èkíní ni kí a fi bí a ti ń gbá ẹsẹ̀ àti bí a ti ń di ènìyàn mú hàn án, kí ó sì máa tún un ṣe títí yóò fi mọ́ ọn lára. Èkejì ni kí a fi ẹlòmíràn dojú kọ ọ́, ẹni tí kò ní gbà fún un, ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ ṣe é léṣe. Èkejì yìí, tí mo pè ní ìjà ìdánrawò, ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó kà á sí eré lásán.

Ní Òkèhò, bí ó ti rí ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, ìjàkadì, tí àwọn mìíràn ń pè ní gídígbò, wà lára eré òṣùpá láyé àwọn bàbá wa. (Ní Ọ̀fà ẹ̀wẹ̀, ó ti kọjá eré ọmọdé, orò ìlú ni.) Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ni a dá, ìjà sì parí. A kì í kan ẹ̀ṣẹ́, a kì í gé ni jẹ, a kì í fi ìka gún ni lójú. Ó lè dà bí ẹni pé òfin wọ̀nyí sọ ìjà náà di yẹpẹrẹ, ṣùgbọ́n àwọn gan-an ni ó fún un lágbára. Nítorí pé a ti yọ ẹ̀ṣẹ́ àti eyín kúrò, ọmọ náà lè fi gbogbo ipá rẹ̀ jà lónìí, kí ó sì tún jà lọ́la. Níbẹ̀ ni yóò ti mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹnìkejì fúyẹ́ nílẹ̀, tí yóò mọ ẹ̀tàn yàtọ̀ sí òótọ́, tí yóò sì mọ bí a ti ń ṣubú láìfarapa. Ẹnu lásán kò lè kọ́ni ní ìwọ̀nyí.

Ọ̀gbẹ́ni Jigoro Kano ará Japan rí èyí kedere. Nígbà tí ó dá Kodokan, ilé ẹ̀kọ́ júdò rẹ̀, sílẹ̀ ní Tokyo ní 1882, ó yọ àwọn ọgbọ́n tí ó léwu jù kúrò nínú randori, èyí tí í ṣe ìjà ìdánrawò wọn, ó sì fi wọ́n sínú kata, níbi tí ẹni méjèèjì ti mọ ohun tí ó kàn tẹ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ṣárò tí àwọn ọ̀dọ́ Fúlàní kan ń ṣe wé èyí o. Ẹni tí a ń na ní pàṣán níbẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́. Ìdánwò ìfaradà ni, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìjà.

Ọ̀ràn ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ni kò rọrùn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, Dick Tiger, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò wa, pàdé Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn, èyí tí a ń fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè lónìí. Ìpele méje ni èrò ìwòran rí. Fullmer kò jáde fún ìkẹjọ. Ohun tí èrò ìwòran kì í rí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpele tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti jà nínú ilé ìdárayá kí ọjọ́ ìjà tó pé. Níhìn-ín, a kò lè yọ ohun tí ó léwu kúrò, nítorí orí gan-an ni a ń wá láti lù. A fi ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn àti ìbòrí dí i. Ìbòrí a sì máa gba awọ ojú lọ́wọ́ ọgbẹ́, ṣùgbọ́n kò ní kí ọpọlọ má mì nínú agbárí. Láti 1928 ni Dókítà Harrison Martland ti kọ̀wé ní Amẹ́ríkà nípa àwọn akànṣẹ́ tí ìrìn wọn àti ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ti dàrú nítorí àlùtúnlù. Ọpọlọ kò mọ ẹ̀ṣẹ́ ìdánrawò yàtọ̀ sí ti ìdíje. Ní tèmi, olùkọ́ tí ó ń jẹ́ kí àwọn ọmọ máa lu orí ara wọn kíkankíkan lójoojúmọ́ ń ná ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìdánrawò yìí kò mọ sórí ìjà nìkan. Ẹni tí ó bá ń kó ọmọ ayò 48 yípo ihò 12 láìní alátakò kò lè di ọ̀ta láéláé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin pẹ̀lú a máa ro ẹjọ́ àfidánrawò níwájú adájọ́ àfidánrawò. Àríyànjiyàn ilé ìwé wa ni ó kù díẹ̀ káàtó: ọmọ a kọ́ ọ̀rọ̀ sórí, a kà á tán, a jókòó, ẹnikẹ́ni kò sì bi í ní ìbéèrè kan. Kata ni ìyẹn. Kí olùkọ́ jẹ́ kí alátakò dá a dúró láàárín ọ̀rọ̀, kí ó sì dáhùn lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá sì gbèjà àgbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ó gbèjà oníṣòwò lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀.