Ẹja Ìlú fún Ará Ìlú: Àyẹ̀wò Òfin Ẹja Òkun láti Ilẹ̀ Ìbàràpá

1. Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni ètò tí ìjọba Nàìjíríà ti ń ṣe láti ọdún 1971 kí ẹja àti edé inú òkun wa lè jẹ́ ti àwọn oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ yìí. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé láti Ìbàràpá, tí kò bá òkun pààlà, ni a ti fẹ́ wo ọ̀rọ̀ náà. Ìdí rẹ̀ ni pé òfin ẹja kì í parí sí etí òkun; ìdí ìṣasùn ọbẹ̀ ni ó ń parí sí. Àbá wa ni pé òfin lè sọ ẹni tí yóò ni ọkọ̀ ìpẹja, síbẹ̀ kí ó má sọ ẹni tí yóò rí ẹja tà tàbí ẹni tí yóò rí ẹja jẹ.

2. Ohun tí òfin wí

Òfin mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì jù. Èkíní ni òfin ẹja òkun ti 1971. Ó ní ọkọ̀ ìpẹja elẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lójú òkun wa láìgba ìwé àṣẹ. Ìlànà tí ó tẹ̀ lé e ní 1972 lé àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń wọ́ àwọ̀n kúrò ní máìlì òkun méjì àkọ́kọ́ láti etí òkun. Nígbà tí a tún òfin náà ṣe ní 1992, máìlì méjì di márùn-ún.

Èkejì ni òfin 1972 tí a fi gbé òwò ọmọ Nàìjíríà lárugẹ. Ó pín òwò sí ọ̀wọ́ méjì. Ọ̀wọ́ kìn-ín-ní jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà nìkan. Inú ọ̀wọ́ kejì ni a fi iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá tí ń pa ẹja àti edé sí. Àlejò kò gbọdọ̀ ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀ bí owó ìdókòwò rẹ̀ kò bá ju £200,000 lọ, tàbí bí ọjà tí ó ń tà lọ́dún kò bá ju £500,000 lọ. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀, ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán. Òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní 1977, a sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ ní 1995.

Ẹ̀kẹta ni òfin 1978 tí ó na àṣẹ Nàìjíríà lórí ohun inú òkun dé 200 máìlì.

3. Ibi tí òfin kù sí

Òfin 1972 béèrè ìlú tí olówò ti wá. Kò béèrè ibi tí ẹja ń lọ. Nítorí náà, àwọn kan kàn yá àlejò ní orúkọ wọn ni, àlejò sì ń ṣòwò rẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ tilẹ̀ jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà ní tòótọ́, edé tí ó dára jù ń gba òkè òkun lọ, nítorí owó tí ó wà níbẹ̀. Máìlì márùn-ún ti 1992 yàtọ̀ sí èyí. Kì í ṣe ìwé ìlú ni ó wò, irú iṣẹ́ ni. Òun gan-an ni ó fi omi sílẹ̀ fún Ìlàjẹ àti Ègùn tí ń fi ọkọ̀ kékeré pẹja, àti fún àwọn obìnrin tí ń yan ẹja náà fún títà.

4. Ọjà Ìbàràpá

Bí a bá wo igbá ẹlẹ́ja ní Ìgbò-Ọrà tàbí Èrúwà, oríṣi ẹja mẹ́ta ni a ó rí. Ọ̀kan ni ẹja odò, irú èyí tí Odò Ògùn àti Ọ̀fíkì ń pèsè. Èkejì ni ẹja àrọ̀ tí a ń sìn. Ẹ̀kẹta ni ẹja yìnyín inú páálí, tí àwọn àgbà ń pè ní òkú Èkó, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Iye tí ìjọba àpapọ̀ sábà máa ń kéde ni pé Nàìjíríà nílò nǹkan bí mílíọ̀nù 3.6 tọ́ọ̀nù ẹja lọ́dún, àti pé ohun tí a ń pèsè nílé kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ.

Èyí ni ó mú kí ìdènà lásán léwu. Ní 2015, Báńkì Àpapọ̀ fi ẹja inú agolo kún ọjà 41 tí kò ní í fún ní owó ilẹ̀ òkèèrè mọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ìkà náà títí di 2023. Bí a bá dí ọ̀nà ẹja àlejò, tí ẹja ilé kò sì tíì pọ̀ tó láti rọ́pò rẹ̀, orí ìyá ẹlẹ́ja àti ẹni tí ń ra ẹja ni ẹrù náà ń bọ́ sí.

5. Ìgúnlẹ̀

A ti fi hàn pé ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí a bi òfin ẹja: ta ni yóò pa á, ta ni yóò tà á, ta ni yóò jẹ ẹ́? Èkíní nìkan ni òfin 1972 dáhùn. Bí ìjọba bá fẹ́ dáhùn méjì yòókù, kí wọ́n ṣọ́ máìlì márùn-ún náà dáadáa, kí wọ́n sì ran ẹni tí ń sin ẹja lọ́wọ́ ní ìgbèríko. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, tí a lè fi ṣe oúnjẹ ẹja, kò ṣàjèjì sí oko Ìbàràpá. Ẹja tí a bá sìn ní Èrúwà kò nílò òfin tí yóò fi í pamọ́ fún ará Èrúwà. Àwọn ni yóò kọ́kọ́ rí i rà.