Bí Kọ̀ǹpútà Bá Kọ̀ Tí Kò Ṣí

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni pípa gbogbo inú kọ̀ǹpútà rẹ́ kì í ṣe oògùn fáìlì tí ó sọnù. Oríṣi fáìlì méjì ni ó wà nínú rẹ̀: ti Windows tí ó ń mú un ṣí, àti tiwa. Bí iná bá lọ lójijì, ti Windows lè bàjẹ́ kí tiwa sì wà níbẹ̀.

Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, oríkì tí mo gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà ni mo fi gba ẹ̀kọ́ yìí là. Ẹ kọ́kọ́ yọ fúláàṣì tí ó bá wà lára kọ̀ǹpútà, torí ó lè máa wá Windows níbẹ̀. Bí kò bá ṣí síbẹ̀, ẹ lo kọ̀ǹpútà mìíràn láti gba Windows ti Microsoft sórí fúláàṣì òfìfo tí ó tó 8 GB. Ẹ fi tan èyí tí kò ṣí, kí ẹ yan “Startup Repair”. Ẹ má yan “Install”. Bí èyí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ da iṣẹ́ yín kọ síbòmíràn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ibi méjì ni kí ẹ máa tọ́jú iṣẹ́ sí. Windows ṣeé tún gbà. Àgbà tí ó ki oríkì lè má sí mọ́ láti tún un kì.