Koha kò ní owó rírà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìdí rẹ̀ ń mówó wọlé

Oṣù kẹwàá ọdún 2015 ni àwọn tó ń lo Koha ṣe ìpàdé àgbáyé wọn n'Ìbàdàn. Koha ni ètò kọ̀ǹpútà tí ilé-ìkàwé fi ń mọ ìwé tó wà nílẹ̀ àti ẹni tó yá ìwé. New Zealand ni wọ́n ti ṣe é, ọdún 2000 ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Àgbówó àti Bódìjà, ọ̀nà oúnjẹ lèyí. Ilé-ìkàwé kì í ra Koha, àmọ́ yóò sanwó fún ẹni tó bá a gbé e sórí kọ̀ǹpútà, tó kọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀, tó sì ń tún un ṣe.

Ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń ya ọjọ́ sọ́tọ̀ láti jọ tún ètò náà ṣe. Ẹ̀yin náà lè ṣe é. Ẹ pe òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé mẹ́rin, ẹni tó mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀, àti akọ̀wé ètò mẹ́rin. Ẹ to àwọn àléébù kéékèèké sórí ìwé ṣáájú. Ẹ wá íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ amúnáwá àti oúnjẹ. Orí ẹ̀dà ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́, kí àkọsílẹ̀ ilé-ìkàwé má baà bàjẹ́.

Àtúnṣe tó bá yọrí, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bójú tó Koha. Bí ó bá wà lọ́wọ́ yín nìkan, ọjọ́ tí Koha tuntun bá dé ló lè pòórá, oníbàárà yín ni yóò sì kọ́kọ́ mọ̀.