Oyè Kejì Nínú Ìmọ̀ Òfin àti Ọ̀nà Tí A Ń Gbà Di Agbẹjọ́rò

Àwọn àgbà a máa sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjà kan wà ní Nàìjíríà tí ọ̀nà tí ó wọ̀ ọ́ kò pọ̀ rárá. Ẹni tí ó bá ṣìnà lè dé ẹ̀yìn odi ọjà náà, kí ó máa gbọ́ ariwo àwọn tí ń tà àti àwọn tí ń rà, síbẹ̀ kí ó má rí ibi tí yóò gbà wọlé. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni mo ń sọ. Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀nà rẹ̀ fún ọ, ìwọ tí ò ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò ìwé mẹ́wàá, nítorí láti ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọ̀nà náà, tí wọn kì í sì í mọ̀ títí ọdún yóò fi gorí ọdún.

Ìwé-ẹ̀rí mẹ́ta ni o ní láti mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn. Èkíní ni LL.B., oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ òfin, tí yunifásítì máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́. Èkejì ni B.L., ìwé-ẹ̀rí tí ó wà fún ẹni tí ó bá yege ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà. Ẹ̀kẹta ni LL.M., oyè kejì nínú ìmọ̀ òfin. Ẹni tí ó ti ní LL.B. tẹ́lẹ̀ ni ó wà fún, kí ó lè walẹ̀ jìn sí i nínú ẹ̀ka kan, bóyá òfin ilé-iṣẹ́, bóyá òfin ilẹ̀, bóyá ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Èkíní àti èkejì ni wọ́n ń sọ ènìyàn di agbẹjọ́rò ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ̀kẹta kò sọ ẹnikẹ́ni di agbẹjọ́rò, ì báà jẹ́ yunifásítì tí ó lókìkí jù lọ ní ayé ni ó ti gbà á.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan kò mọ èyí ní àkókò. Ìmọ̀ ìtàn ni ó kà ní yunifásítì, ó ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ilé-Ifẹ̀. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni ó wù ú láti kékeré. Ẹnì kan ní àdúgbò wá sọ fún un pé ẹni tí ó ti ní oyè àkọ́kọ́ kò nílò láti padà sí ìbẹ̀rẹ̀, pé kí ó kàn gba oyè kejì tí ọ̀rọ̀ òfin wà nínú orúkọ rẹ̀, ó parí. Ọmọ náà gbà á gbọ́. Ó rí irú oyè bẹ́ẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, ó fi owó oṣù rẹ̀ san án díẹ̀díẹ̀, ó sì fi ọdún kan ààbọ̀ lọ, ó fi bọ̀, ní òpin ọ̀sẹ̀ dé òpin ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí ó gba ìwé-ẹ̀rí náà, ìyá rẹ̀ pa ewúrẹ́. Èmi náà jẹ níbẹ̀.

Kò pé oṣù mẹ́ta sí i tí ó wá bá mi ní Sábó ní ìrọ̀lẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní àwọn kò lè gbà mí sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin. Wọ́n ní LL.B. mi dà?" Mo bi í pé, "Ṣé o béèrè lọ́wọ́ wọn kí o tó sanwó níbi tí o lọ?" Kò dáhùn. Mo rí i pé ìbéèrè náà kò bá àkókò mu, mo sì ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.

Kí o má baà rò pé ìwà ìkà lásán ni òfin yìí, jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Christopher Alexander Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí ní Sàró ní 1855, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di agbẹjọ́rò. Inner Temple ní London ni ó ti gba àṣẹ ní 1879, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1888. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó tẹ̀lé e ṣe wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú Òyìnbó, títí kan Stella Thomas, ẹni tí ó di obìnrin agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1933. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹni tí Yunifásítì Ifẹ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láti 1987, pàápàá kò kọ́kọ́ ka ìmọ̀ òfin. Ìmọ̀ ìṣòwò ni oyè tí ó gbà ní 1944 láti ọ̀dọ̀ Yunifásítì London, nílé níhìn-ín ni ó sì jókòó sí tí ó fi kà á. Ọdún yẹn kan náà ni ó kọjá sí London, nígbà tí ó sì di oṣù Kọkànlá 1946, ó ti di agbẹjọ́rò. Ọdún méjì péré! Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń fi èyí ṣe ẹ̀rí pé ẹni tí ó ti ní oyè kan lè tètè di agbẹjọ́rò. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé nígbà náà, oyè yunifásítì nínú ìmọ̀ òfin kò pọn dandan. Ìdánwò ni ènìyàn ń ṣe, a ó sì jẹ iye oúnjẹ alẹ́ tí wọ́n là sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà agbẹjọ́rò. Ilẹ̀kùn yẹn ti tì.

Ìdí tí ó fi tì kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tí ó bá kọ́ òfin ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì yanjú lè dé sí Èkó tàbí Ifẹ̀ kí ó má mọ ohun tí a ń pè ní ilẹ̀ ẹbí, tàbí ohun tí ìṣákọ́lẹ̀ jẹ́. Báwo ni yóò ṣe wá gba ẹjọ́ ilẹ̀ rò fún àgbẹ̀ oníkòkó? Láfikún, ní ìlú Òyìnbó, iṣẹ́ agbẹjọ́rò pín sí méjì: àwọn tí ń rojọ́ níwájú adájọ́ yàtọ̀ sí àwọn tí ń kọ ìwé àdéhùn nínú ọ́fíìsì. Ní Nàìjíríà, ẹnì kan náà ni ó ń ṣe méjèèjì. Ní 1959 ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, Unsworth ni alága rẹ̀, láti wo ọ̀rọ̀ náà. Àbá wọn ni pé kí àwọn yunifásítì wa máa kọ́ni ní òfin, kí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn sì wà tí yóò máa kọ́ àwọn tí ó bá gboyè jáde ní ọgbọ́n iṣẹ́ náà gan-an. Òfin tí ó fìdí èyí múlẹ̀ jáde ní 1962. Ní oṣù Kìíní 1963, Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin bẹ̀rẹ̀ ní Igbóṣẹrẹ́ ní Èkó pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 8. Bwari ní Àbújá ni olú ilé rẹ̀ wà láti 1997, ó sì ní ẹ̀ka káàkiri. Yunifásítì Ifẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ní Ìbàdàn, kí ó tó kó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Ẹ̀ka ìmọ̀ òfin wà lára àwọn ẹ̀ka tí ó kọ́kọ́ ní. Ibẹ̀ ni Rótìmí Akérédolú ti gboyè ní 1977, ibẹ̀ náà ni Fẹ́mi Fálànà ti kàwé.

Wàyí o, bí o bá fẹ́ gba ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdánwò JAMB ni ìwọ yóò ṣe lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá. Ọdún márùn-ún ni ìwọ yóò lò ní yunifásítì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin, nǹkan bí ọdún kan, níbi tí wọn yóò ti kọ́ ọ bí a ti ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn àti ẹjọ́ aráàlú, bí a ti ń ṣe ìwé ilẹ̀, bí a ti ń dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, àti ìwà tí ó yẹ agbẹjọ́rò. Wọn yóò rán ọ lọ jókòó sí ilé-ẹjọ́ àti ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò láti wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Ìwọ náà yóò jẹ oúnjẹ alẹ́ ìgbà ayé Awólọ́wọ̀, nítorí a jogún àṣà náà. Bí o bá yege, tí ìwà rẹ kò sì ní àbùkù, ìgbìmọ̀ tí à ń pè ní Body of Benchers yóò gbà ọ́ sínú iṣẹ́, a ó sì kọ orúkọ rẹ sínú ìwé ní Ilé-Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ. Ọjọ́ yẹn ni wíìgì àti aṣọ dúdú náà tó di tìrẹ.

Ẹni tí ó ti ní oyè mìíràn kò ní láti ṣe ìdánwò JAMB yẹn. Ó lè gba ọ̀nà tí à ń pè ní Direct Entry wọlé sí ọdún kejì, kí ó sì lo ọdún mẹ́rin dípò márùn-ún. Àǹfààní tí oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ yóò ṣe fún un nìyẹn, ọdún kan péré. Kí ó tó sanwó, kí ó béèrè bóyá Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Òfin fọwọ́ sí ẹ̀ka òfin ti yunifásítì náà, kí ó sì béèrè iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ìgbìmọ̀ náà gbà wọ́n láàyè láti máa fi ránṣẹ́ lọ́dún. Àwọn kan ti gboyè jáde rí tí wọ́n sì jókòó sílé fún ọdún bíi mélòó kan nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ wọn gba èrò ju iye tí a yàn fún un lọ.

Bóyá o ní ẹ̀gbọ́n ní òkè òkun tí ó sọ ohun mìíràn fún ọ. Ó ṣeé ṣe kí ó má purọ́. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ ni ènìyàn tó ń bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ òfin. J.D. ni wọ́n ń pe oyè náà, ọdún mẹ́ta sì ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ka ìmọ̀ mìíràn lè fi nǹkan bí ọdún kan kọ́ òfin kí ó tó tẹ̀ síwájú, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan sì ń fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ oyè kejì. Ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti wá. Ọ̀nà ìlú wọn ni, kì í ṣe tiwa. Ẹni tí ó bá ka òfin lókè òkun tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ nílé yóò kọ́kọ́ kọ́ òfin Nàìjíríà ní apá kìíní ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin kí ó tó bá àwọn yòókù ní apá kejì.

Má ṣe rò pé mò ń fojú tẹ́ńbẹ́lú LL.M. o. Ẹni tí ó bá fẹ́ di olùkọ́ òfin ní yunifásítì kò lè ṣe aláìní in. Wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò: ó gba LL.B. ní Yunifásítì Èkó ní 1978, ó di agbẹjọ́rò ní 1979, lẹ́yìn náà ni ó tó lọ gba LL.M. ní London, kí ó tó padà wá máa kọ́ni. Bí a ti ń tò ó tẹ̀lé ara wọn nìyẹn.

Ní ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó pinnu láti gba ọ̀nà Direct Entry. Nígbà tí ó kó ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ jáde, a rí ohun tí kò sí ẹni tí ó rántí: kò ní kírẹ́díìtì nínú Lítíréṣọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ ka òfin. Ó ti pa á tì ní kíláàsì kẹrin nítorí pé ìwé tí wọ́n ń kà pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe padà lọ jókòó sí ìdánwò ìwé mẹ́wàá ní ọmọ ọdún 28, láàárín àwọn ọmọ tí ó wọ yunifọ́ọ̀mù. Ó ní ọmọkùnrin kan dìde fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ̀yin ni ẹ máa ṣọ́ wa?"

Wo ìwé tí o fi forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò rẹ lónìí, kí o rí i bóyá Lítíréṣọ̀ wà níbẹ̀.