Ẹrù àti Oúnjẹ Nínú Ogun Kokoda, 1942

Nínú bébà yìí, ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni ogun tí àwọn ọmọ ogun Ọsirélíà bá ti Jàpáànù jà ní ojú ọ̀nà Kokoda, ní ilẹ̀ Pápúà, láti oṣù keje sí oṣù kọkànlá ọdún 1942. Ìgboyà ni àwọn òpìtàn sábà máa ń tẹnu mọ́. A kò sọ pé àwọn ènìyàn náà kò nígboyà. Ṣùgbọ́n ìgboyà nìkan kò lè ṣàlàyé ìdí tí àwọn ará Ọsirélíà fi ń fà sẹ́yìn ní oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, tí ó sì jẹ́ pé àwọn ni ó ń lé ọ̀tá ní oṣù kẹwàá. Lójú tiwa, inú ọ̀rọ̀ ẹrù ni ìdáhùn wà.

Bàtálíọ̀nù 39 wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ko ọ̀tá lójú. Ọmọ ogun abẹ́lé ni wọ́n, èyí tí òfin kò gbà kí a kó lọ jà sí ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n nítorí pé abẹ́ Ọsirélíà ni Pápúà wà, òfin kà á sí pé ilé ni wọ́n ṣì wà. Àwọn sójà tí ó fínnúfíndọ̀ wọṣẹ́ ogun a máa pè wọ́n ní sójà ṣokoléètì, pé bí oòrùn bá mú wọn, wọn yóò yọ́.

Ọ̀nà náà gùn tó kìlómítà 96, ó la òkè Owen Stanley kọjá, ẹsẹ̀ nìkan ni a sì fi ń rìn ín. Òjò, ẹrẹ̀, ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn kò jẹ́ kí ara le: àwọn tí àìsàn dá gúnlẹ̀ pọ̀ ju àwọn tí ọta ìbọn bà lọ fíìfíì.

Ìṣírò kan tí Bert Kienzle, olóko tí wọ́n fi ṣe alábòójútó àwọn aláàárù, gbé kalẹ̀ ni ó la ọ̀rọ̀ yìí yé wa jù. Bí aláàárù kan bá ru oúnjẹ nìkan, òun fúnra rẹ̀ yóò jẹ ẹrù náà tán ní ọjọ́ 13. Bí òun àti ọmọ ogun kan bá jọ ń jẹ ẹ́, ọjọ́ mẹ́fà àbọ̀ ni yóò tó wọn. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mẹ́jọ ni ìrìn Kokoda. Èyí já sí pé ẹrù yóò ti tán kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rù ú fún. A kò tíì ka ọta ìbọn, a kò ka oògùn, a kò ka lẹ́tà ilé. Kienzle náà ni ó rí pápá Myola ní oṣù kẹjọ, níbi tí ọkọ̀ òfúrufú ti lè ju oúnjẹ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 17 oṣù náà ni bọ́ǹbù àwọn Jàpáànù ba púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà jẹ́ ní Port Moresby. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni ogun Isurava bẹ̀rẹ̀.

Ìṣírò yìí kan náà ni ó mú àwọn Jàpáànù. Bí wọ́n ti ń sún mọ́ Port Moresby ni ọ̀nà oúnjẹ wọn ń gùn sí i. Ebi ti ń pa wọ́n ní Ioribaiwa kí àṣẹ tó dé pé kí wọ́n padà, nítorí ogun Guadalcanal. Nígbà tí àwọn ará Ọsirélíà ń lé wọn lọ, ó wá di tiwọn láti máa wá oúnjẹ. Síbẹ̀ àwọn ọ̀gá tí ó jìnnà sí ẹrẹ̀ ń bínú pé wọn kò yára, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gágun Allen ní ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gba Kokoda padà ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá.

Ó ku àwọn aláàárù. Áńgẹ́lì ni àwọn ọmọ ogun ń pè wọ́n, nítorí bí wọ́n ti ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé ẹni tí ó fara gbọgbẹ́, ènìyàn mẹ́jọ sí ẹnì kan. Orúkọ dáradára ni, ṣùgbọ́n ó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀: áńgẹ́lì kì í béèrè owó iṣẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ni a fi ipá mú kúrò ní abúlé wọn. Dókítà Geoffrey Vernon, tí ó tọ́jú wọn, ráhùn pé ẹrù wọn ti pọ̀ jù, búláńkẹ́ẹ̀tì wọn kò sì tó. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó ru ẹrù ogun lórí ní Bọ́mà yóò mọ irú ènìyàn tí à ń wí. Ọdún 2009 ni ìjọba Ọsirélíà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn díẹ̀ tí ó ṣì wà láàyè nínú wọn ní àmì ẹ̀yẹ ìrántí.