Ariwo Ìkòsì dákẹ́, ṣùgbọ́n etí mi ò dákẹ́

Lóru ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n mú iná lọ, epo tán nínú jẹnẹrétọ̀ ilé kejì, gbogbo àdúgbò wa ní Ìkòsì wá pa lọ́lọ́. Ẹni tó bá mọ ìhà ibí yìí, láti Kétu títí dé Mile 12, mọ̀ pé irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀. Ó yẹ kí n sùn bí ọmọ tuntun. Mi ò lè sùn. Ohun kan ń dún "wììì" nínú orí mi, bíi kẹ́tùrù tó fẹ́ hó. Mo fi ìrọ̀rí bo etí, ńṣe ló tún le sí i.

Màmá tó ń ta tòmátì nísàlẹ̀ ilé wa ní, "Ọmọ mi, ẹnìkan ló ń sọ̀rọ̀ ẹ láìdáa. Lọ kán àdí sí i." Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà." Mi ò kán nǹkan kan sí i. Ọsíbítù ni mo gbà lọ.

Wọ́n fi mí sínú yàrá kékeré kan, wọ́n gbé nǹkan wọ̀ mí létí, wọ́n ní kí n máa tẹ bọ́tìnnì bí mo bá ti gbọ́ ohùn. Àwọn ohùn tínínrín wà tí mi ò gbọ́ rárá. Dókítà bi mí léèrè iṣẹ́ tí mo ti ṣe rí. Mo sọ fún un pé kí n tó di ẹni tó ń kọ̀wé, ọdún mẹ́ta ni mo fi tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Kétu, tí spíkà ńlá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi láti àárọ̀ dalẹ́. Bí mo bá wọ danfo, máa tún ki earpiece bọ etí, máa yí i dé òpin kí n má baà gbọ́ ariwo kọ̀ńdọ́. Dókítà kàn mi orí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà, torí ó yà mí lẹ́nu. Nínú etí kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì onírun bíi 15,000 la bí wa mọ́. Àwọn ló ń sọ ohùn di iná kékeré tí iṣan ń gbé lọ sínú ọpọlọ. Bí wọ́n bá ti kú, wọn kì í hù padà lára èèyàn. Iná yẹn á gba ibùdókọ̀ mélòó kan kọjá kó tó dé thalamus, tó wà láàrin gbùngbùn orí. Apá ibẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ohùn ni wọ́n ń pè ní medial geniculate body. Ẹ rò ó bí agbèrò ní gáréèjì: ó ń dá bọ́ọ̀sì dúró, ó ń jẹ́ kí òmíràn kọjá. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ohùn ti ń dé òkè ọpọlọ, níbi tí a ti ń dá a mọ̀ pé ohùn ìyá wa nìyí, fèrè mọ́tò nìyẹn.

Ọ̀nà méjì ni àwọn sẹ́ẹ̀lì agbèrò yìí ń gbà ṣiṣẹ́. Bí a bá lajú, tí iṣẹ́ ń wọlé, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń wọlé. Bí a bá sùn wọra, wọ́n á yìn ín pàpàpà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á tún yìn ín. Ní 1999, onímọ̀ ọpọlọ kan, Rodolfo Llinás, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé èrò kan jáde: bí etí ò bá fi ohùn ránṣẹ́ mọ́ bó ṣe yẹ, thalamus lè bẹ̀rẹ̀ sí í yìn bí ẹni tó sùn, nígbà tó jẹ́ pé a ò sùn. Òkè ọpọlọ á wá rò pé ohùn gidi ló dé. Agbèrò tí bọ́ọ̀sì ò wá sọ́dọ̀ ẹ̀ mọ́, tó wá ń dá pariwo "Ọjọ́ta! Ọjọ́ta!" fún mọ́tò tí ò sí. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá gbogbo ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ohun tí wọn ò jiyàn lé lórí ni pé bí etí bá bàjẹ́, ọpọlọ náà ń yí padà.

Ariwo nìkan kọ́ o. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní 1969, máa ń ba etí jẹ́. Àjọ WHO ní ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni etí wọn ń di. Àrùn yírunyírun náà ń dití. Abẹ́rẹ́ gentamicin lè pa sẹ́ẹ̀lì onírun, quinine sì lè mú kí etí hó. Torí náà, ẹ yé gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ò mọ iye tó yẹ kó fún yín.

Ṣùgbọ́n ariwo la fọwọ́ ara wa fà. Ìwọ̀n 85 decibel, wákàtí 8 ló pọ̀ jù tó yẹ ká fi gbọ́ ọ lójúmọ́. Tó bá fi 3 lé sí i, àkókò yẹn á dín kù sí ìdajì. Tó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. LASEPA ní ní àdúgbò tí èèyàn ń gbé, kò gbọdọ̀ ju 55 lọ lọ́sàn-án àti 45 lóru. Mo fi fóònù mi wọn ti iwájú ilé wa ní aago mọ́kànlá alẹ́: 78. Fóònù kì í ṣe ẹ̀rọ àyẹ̀wò lóòótọ́, ṣé ti ìyàtọ̀ 33 yẹn náà là ń wí?

Mi ò ní kí Ìkòsì di itẹ́ òkú. Ọjà ò lè ṣe kó má pariwo. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ìjọba má dúró dìgbà tí aráàlú bá kọ̀wé ẹ̀sùn kí wọ́n tó wá wò wá. Kí àwa náà dín earpiece kù, ká sì fún etí ní ìsinmi. WHO ní ó lé ní bílíọ̀nù kan ọ̀dọ́ lágbàáyé tí etí wọn wà nínú ewu nítorí ohun tí wọ́n ń gbọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí wà níbẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ṣiṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tuntun, ọmọ ọdún 17, ló jókòó sórí àga mi, spíkà yẹn sì wà níbi tó máa ń wà. Mo fi ìwé àyẹ̀wò mi han ọ̀gá. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ká wá máa fọwọ́ pe kọ́sítọ́mà ni?" Ó wo ìwé náà títí, ó dìde, ó sì yí spíkà náà wálẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ọmọ yẹn tẹ̀ lé mi jáde. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ohun tẹ́ ẹ sọ pé ó ń dún lóru yẹn, èmi náà máa ń gbọ́ ọ."

Ọjọ́ Túsìdeè ni mo máa mú un lọ ṣe àyẹ̀wò.