Láti Bahia Dé Òṣogbo: Ìrìn Wákàtí Mẹ́fà Tó Di Odindi Ọjọ́

Lóṣù kẹjọ ọdọọdún, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, tí Arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá ẹbọ, bá gbé igbá rù láti ààfin Àtáọ́jà, ọba Òṣogbo, lọ sí etí odò Ọ̀ṣun, àwọn ará Brazil kì í wọ́n láàárín èrò tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan nínú wọn wá láti Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia, níbi tí ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá ti ń bọ Ọ̀ṣun títí dòní.

Bí èèyàn bá na òwú láti Èkó dé Salvador lórí àwòrán ayé tó rí roboto, nǹkan bíi 5,090 kìlómítà ni yóò bá. Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Bíi 5,000. Ìyàtọ̀ wọn kò ju ọ̀nà Ìbàdàn sí Òṣogbo lọ! Bàálù ńlá a máa sá tó 850 sí 900 kìlómítà ní wákàtí kan, ìdí nìyẹn tó fi ń lo bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ láti Èkó dé Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá kúrò ní Salvador láàárọ̀ ì bá wọ Èkó kí ilẹ̀ tó ṣú, bí a tilẹ̀ fi wákàtí mẹ́rin ṣáájú wọn.

Ṣùgbọ́n kò sí bàálù tó ń ná ọ̀nà náà tààrà.

Ẹ wo ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ń gbà. Arìnrìn-àjò á kọ́kọ́ wọ bàálù lọ sí São Paulo, 1,450 kìlómítà sí apá gúúsù. Níbẹ̀ ni yóò ti wọ Ethiopian Airlines, tí yóò gbé e la Áfíríkà kọjá lọ sí Addis Ababa, bíi 9,900 kìlómítà. Ó ti ré Nàìjíríà kọjá lọ sí ìlà oòrùn nìyẹn, yóò tún wá ṣẹ́rí padà rin 3,900 kí ó tó balẹ̀ l'Ékòó. Gbogbo rẹ̀ lé ní 15,000, ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà tààrà. Lófurufú nìkan, ó tó ogún wákàtí, láìka ìjókòó ní pápákọ̀ kan sí èkejì. Ẹni tó bá gba Lisbon ní Pọ́túgà, ìlọ́po méjì ni tirẹ̀.

Èrò ni bàálù ń wá. Ojoojúmọ́ ni oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹbí ń lọ Lọ́ńdọ̀nù. Èrò Bahia kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó dunni pé àwọn tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó baba ńlá wọn lọ tipátipá ni ọ̀nà ilé ṣì jìn sí jù.

Èkó pàápàá kọ́ ni òpin ìrìn. Ó ku bíi 230 kìlómítà lórí títì dé Òṣogbo, gba Ìbàdàn, Ìkirè àti Gbọ̀ngán. Ní Ìdó-Ọ̀ṣun, lẹ́bàá Òṣogbo, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pápákọ̀ kan. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba èrò, bàálù láti Èkó kò ní lò tó wákàtí kan kó tó balẹ̀ síbẹ̀.